Kọ̀ǹpútà Inú Kọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Lẹ́tà àti Ohùn Há Sí

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá sí ojú ewé Yorùbá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìró èdè, kì í sì í ṣe ti gírámà. Síbẹ̀, bí ohun tí a fẹ́ sọ yìí bá ń dà wá láàmú, kò sí èyí tí yóò lọ déédéé nínú méjèèjì.

Púpọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó ní. Àwọn ètò tí a nílò fún iṣẹ́ wa kò sì gba ibì kan náà. Praat, tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, lórí Linux àti lórí Mac. ELAN, tí ó wá láti ilé ìwádìí Max Planck ní Nijmegen, rí bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n Windows ni SIL ṣe Speech Analyzer fún. Ẹni tí ó bá ń lo Linux, tí ó sì fẹ́ fi Speech Analyzer wo ohùn, ọ̀nà kan tí ó wà fún un ni pé kí ó fi Windows sínú Linux rẹ̀, kí ó di kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà. Èyí ni àwọn olùkọ́ wa ń pè ní machine virtuelle lédè Faransé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. A tẹ a, q ni ó jáde. A ki wáyà ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ bọ ihò USB, Windows tí ó wà nínú kò rí i. A gba ohùn sílẹ̀, ohùn náà ń já lójú ọ̀nà. Lẹ́tà tí ó yí padà kì í ṣe ọ̀ràn ńlá, a lè tún un tẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn àgbàlagbà tí a lọ gbà sílẹ̀ ní abúlé kan ní agbègbè Ṣábẹ, bí ó bá bàjẹ́, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a ó tún bá onítọ̀hún láyé. Èyí tí ó burú jù ni pé àṣìṣe ẹ̀rọ lè wọ inú àpilẹ̀kọ wa, kí àwọn tí ń kà á sì rò pé bí èdè náà ṣe rí nìyẹn.

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kọ́ wa: kí a tó yí ohunkóhun padà, kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan há sí.

1. Onílé, àlejò àti alárinà

Ẹ jẹ́ kí a fún nǹkan mẹ́ta lórúkọ. Kọ̀ǹpútà gidi tí ó wà lórí tábìlì, pẹ̀lú Linux tí ń darí rẹ̀, ni a ó pè ní onílé. Windows tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú fèrèsé kan lórí rẹ̀ ni a ó pè ní àlejò. Ètò tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, tí ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀kan fún èkejì, ni a ó pè ní alárinà. Alárinà pọ̀. Èyí tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni VirtualBox, nítorí pé a kì í san owó láti lò ó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ sì mọ̀ ọ́n. Ilé-iṣẹ́ Innotek ti Jámánì ni ó gbé e jáde ní ọdún 2007. Ilé-iṣẹ́ Sun ra Innotek ní 2008, Oracle sì ra Sun ní 2010. Ọ̀dọ̀ Oracle ni ó wà títí di òní.

Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn nípa àlejò ni pé kò mọ̀ pé àlejò ni òun. Lójú tirẹ̀, ó ní kíbọọ̀dù tirẹ̀, ó ní máòsì tirẹ̀, ó ní ihò USB tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ alárinà ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀ fún un. Nítorí náà, lẹ́tà kan tàbí ohùn kan kì í dédé bọ́ sínú àlejò. Ẹnubodè mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ kọjá:

Ẹnubodè kìíní: ohun èlò fúnra rẹ̀, pẹ̀lú wáyà àti ihò tí a kì í bọ̀.
Ẹnubodè kejì: onílé.
Ẹnubodè kẹta: alárinà.
Ẹnubodè kẹrin: àlejò, pẹ̀lú ètò tí a ṣí nínú rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá wọ ìlú Kétu ní láti gba ẹnubodè Akaba Idena kọjá. Bí wọ́n bá ń retí rẹ̀ láàárín ìlú tí wọn kò rí i, wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ sí wá a nínú yàrá. Ibodè ni wọn yóò ti kọ́kọ́ béèrè bóyá ó tilẹ̀ kọjá. Bí ó ṣe yẹ kí a ṣe nìyẹn. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìta, kí a béèrè ìbéèrè kan ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, kí a sì yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá yí nǹkan márùn-ún padà pọ̀, bí ó bá tilẹ̀ dára, kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn.

2. Kíbọọ̀dù: kí ló dé tí a fi di q?

Ẹ wo lẹ́tà p. Ọmọ Yorùbá tí ó kàwé ní Nàìjíríà, bí ó bá rí p nínú «pátápátá», yóò fi ẹ̀yìn ahọ́n àti ètè méjèèjì pè é pọ̀. Ọmọ Faransé tí ó bá rí p kan náà, ètè nìkan ni yóò fi pè é. Níhìn-ín ní Benin, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè ń kọ ìró ti Yorùbá ní kp, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Àmì náà kò yí padà. Òfin ẹni tí ń kà á ni ó yàtọ̀.

Bọ́tìnnì kíbọọ̀dù náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́tà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tab gan-an. Lẹ́tà kọ́ ni kíbọọ̀dù ń fi ránṣẹ́, nọ́ńbà ipò tí bọ́tìnnì náà wà ni. Ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà ni ó ń ka nọ́ńbà náà sí lẹ́tà, gẹ́gẹ́ bí òfin kíbọọ̀dù tí a yàn fún un. Bí a bá yan ti Faransé, AZERTY, yóò kà á sí a. Bí a bá yan ti Amẹ́ríkà, QWERTY, yóò kà á sí q. Alárinà kì í túmọ̀. Nọ́ńbà lásán ni ó ń gbé fún àlejò, àlejò á sì fi òfin tirẹ̀ kà á.

Nítorí náà, bí kíbọọ̀dù wa bá jẹ́ AZERTY, tí Windows inú sì rò pé QWERTY ni, ohun tí a ó rí nìyí:

A tẹ awa, a rí qzq.
A tẹ omo, a rí o;o.
A tẹ Kétu, a rí K2tu.
A tẹ Sabè, a rí Sqb7.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ìdàrúdàpọ̀ níbẹ̀. Ìgbà gbogbo ni é ń di 2, tí è ń di 7, tí m sì ń di àmì ìdánudúró yẹn. Àwa tí a ń kọ́ nípa ìyípadà ìró mọ̀ pé ohun tí ó bá ń yí padà ní ọ̀nà kan náà nígbà gbogbo, òfin ni ó wà nídìí rẹ̀. Kíbọọ̀dù kò bàjẹ́, wáyà kò já. Ẹnubodè kẹrin ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ lọ sí ibi tí Windows inú ti ń yan èdè, ẹ fi kíbọọ̀dù Faransé kún un, ẹ sì yọ èyí tí ẹ kì í lò kúrò. Ẹ má fọwọ́ kan ti onílé rárá. Bí ẹ bá yí ti onílé padà, àlejò kò ní mọ̀, iṣẹ́ tí ó ti ń lọ déédéé níta yóò sì dàrú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìpàkúpa kan wà níbẹ̀. Ojú ìwọlé Windows, níbi tí a ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, lè máa lo òfin kíbọọ̀dù mìíràn. Bí Windows bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ aṣínà yín kò tọ̀nà, tí ẹ sì mọ̀ dájú pé ó tọ̀nà, ẹ wo àmì èdè tí ó wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó sọ pé ẹ ti gbàgbé rẹ̀.

Àpẹẹrẹ àìsàn mìíràn nìyí. Bí lẹ́tà kankan kò bá jáde rárá nínú àlejò, ṣùgbọ́n tí onílé ń kọ ọ́ dáadáa, ẹnubodè kẹta ni: fèrèsé àlejò kò tíì gba kíbọọ̀dù. Ẹ fi máòsì tẹ àárín fèrèsé náà. Bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bá ń ṣí nǹkan dípò kí ó kọ ara rẹ̀, àlejò ń rò pé Ctrl tàbí Alt ṣì wà ní títẹ̀. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá fi Alt àti Tab kúrò nínú fèrèsé náà: àlejò rí ìgbà tí a tẹ bọ́tìnnì, kò rí ìgbà tí a fi í sílẹ̀. Ẹ padà sínú fèrèsé náà, ẹ tẹ Shift, Ctrl, Alt àti AltGr lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Yóò dá.

3. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà

Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀: ẹni tí kò bá lè kọ àmì, kò lè sọ bóyá ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó ni ó ń sọ, tàbí ohun tí a ń wọ̀ rìnrìn-àjò, tàbí irin iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí ohun ìjà. Nítorí náà, kíbọọ̀dù tí ó lè kọ àmì kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi kíbọọ̀dù Yorùbá sórí Linux wọn. Ó wà níbẹ̀ lábẹ́ Nàìjíríà. Ẹnu a máa yà wọ́n pé kò ṣiṣẹ́ nínú Windows inú. A ti rí ìdí rẹ̀ lókè: nọ́ńbà ipò ni ó ń kọjá, òfin onílé kì í bá a kọjá. Ohun tí a bá fẹ́ kí àlejò mọ̀, inú àlejò ni kí a ti kọ́ ọ. Keyman dára fún èyí. Láti ọdún 2015 ni ó ti wà lọ́wọ́ SIL, ọ̀fẹ́ sì ni báyìí. Inú Windows inú ni kí a fi í sí.

Ọ̀rọ̀ AltGr náà ń fẹ́ ìtọ́jú. VirtualBox yan bọ́tìnnì kan tí a fi ń gba kíbọọ̀dù àti máòsì padà lọ́wọ́ àlejò. Lórí Linux àti Windows, Ctrl ọwọ́ ọ̀tún ni. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan kò ní Ctrl ọ̀tún, ẹlòmíràn á sì fi AltGr rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo àmì tí a ń fi AltGr kọ lórí AZERTY yóò sọnù ní ẹnubodè kẹta, wọn kò ní dé ọ̀dọ̀ àlejò. Bọ́tìnnì tí ẹ kì í fi kọ̀wé ni kí ẹ yàn.

Níkẹyìn, kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà tí kò wọlé àti lẹ́tà tí ó wọlé tí kò hàn dáadáa. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ẹ ni, tí a fi àmì òkè U+0301 tẹ̀ lé. Bí ẹ bá ń fi álífábẹ́ẹ̀tì ti Benin kọ̀wé, bákan náà ni: ɛ jẹ́ U+025B, ɔ jẹ́ U+0254, àmì ohùn á tẹ̀ lé wọn. Bí àpótí kékeré bá hàn dípò lẹ́tà, tàbí tí àmì bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lẹ́tà náà ti kọjá gbogbo ẹnubodè. Irú lẹ́tà tí ètò náà ń lò, èyí tí Faransé ń pè ní police, ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹ yí i padà sí Charis SIL tàbí Doulos SIL, kí ẹ wò ó.

Bí ìdánwò, ẹ kó ọ̀rọ̀ náà láti inú àlejò, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú onílé. Bí ó bá tọ̀nà níbẹ̀, kíbọọ̀dù ti jàre. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, Additions invité gbọ́dọ̀ ti wà nínú àlejò, kí a sì ti fún wọn láyè láti jọ lo pátákó ìkósílẹ̀ kan. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: bí iṣẹ́ bá ń kánjú, a lè kọ gbogbo ọ̀rọ̀ wa lórí onílé, kí a sì lẹ̀ ẹ́ sínú àlejò.

4. Máòsì tí àlejò mú mọ́lẹ̀

Bí Additions invité kò bá sí nínú àlejò, bí a bá ti tẹ inú fèrèsé rẹ̀, ọfà máòsì lè wọlé kí ó má jáde mọ́. Ẹ má pa kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ Ctrl ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi í sílẹ̀, onílé yóò gba máòsì rẹ̀ padà. Bí Additions bá ti wà níbẹ̀, ọfà yóò máa wọlé, yóò sì máa jáde fúnra rẹ̀.

Bí ọfà bá ń sáré jù tàbí tí kò dé ibi tí ọwọ́ wa wà, ẹ wo ohun tí a yàn ní ohun atọ́ka nínú ètò àlejò náà. Máòsì PS/2 ń sọ iye tí ọwọ́ wa fi rìn. Tablette USB ń sọ ibi tí ọfà wà gan-an, òun ni ó sì máa ń bá fèrèsé mu jù. Ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ bí a bá ti pa USB àlejò náà. Ẹni tí ó bá pa USB kí ẹ̀rọ lè fúyẹ́, tí ó wá rí i pé ọfà kò rìn mọ́, kí ó mọ̀ pé ohun kan náà ni.

5. USB: ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí kò fara hàn

Òfin kan ni ó wà níbí: ohun èlò USB kan kì í ní ọ̀gá méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àlejò bá gbà á, yóò parẹ́ lójú onílé. Kò sọnù, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó wà. Bí ẹ bá ń wá a, ẹ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí.

Ìgbésẹ̀ 1. Lórí onílé, ẹ ṣí terminal, ẹ kọ lsusb. Bí ẹ̀rọ náà kò bá sí nínú àwọn tí ó tò sílẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ṣí VirtualBox. Ẹ yí ihò padà, ẹ yí wáyà padà. Wáyà kan wà tí iná nìkan ni ó ń gbé, tí kò lè gbé fáìlì. Àwọn ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan sì wà tí yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá ibi ìpamọ́ fáìlì ni a fẹ́ lò wọ́n bí, tàbí máìkì. Bí a kò bá dáhùn, wọn kò ní ṣe nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ 2. Ẹ kọ VBoxManage list usbhost. Bí lsusb bá rí ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n tí èyí kò rí nǹkan kan, ó sábà máa ń jẹ́ pé orúkọ yín kò sí nínú ẹgbẹ́ vboxusers. Ẹ kọ sudo usermod -aG vboxusers, kí ẹ sì fi orúkọ tí ẹ fi ń wọlé tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde kúrò nínú Linux, kí ẹ tún wọlé. Ìgbà tí a bá ń wọlé ni Linux ń wo ẹgbẹ́ tí a wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ti àkọ́kọ́, wọn kì í ṣe èkejì, wọn á sì sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3. Bí ó bá rí i, ẹ wo ipò tí ó kọ sí i. Available túmọ̀ sí pé ó ṣí sílẹ̀. Captured túmọ̀ sí pé àlejò ti gbà á. Busy túmọ̀ sí pé onílé ń lò ó lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ Busy, ẹ pa gbogbo fáìlì rẹ̀ tí ẹ ṣí, ẹ tú u kúrò lára onílé pẹ̀lú umount, kí ẹ tó yàn án nínú Périphériques ní òkè fèrèsé àlejò.

Ìgbésẹ̀ 4. Ẹ wo irú USB tí a fún àlejò. USB 1.1 kò kọjá mẹ́gábíìtì 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 2.0 dé 480. Fáìlì ohùn wákàtí 1, ní 44 100 ìwọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì 16, ọ̀nà kan, tó nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 317. Bí ohunkóhun kò tilẹ̀ dí i lọ́wọ́, 1.1 yóò lo ju ìṣẹ́jú 3 àti ààbọ̀ lọ kí ó tó kó o tán. Kí VirtualBox 7.0 tó jáde ní 2022, a ní láti fi Extension Pack kún un kí a tó lè lo 2.0 àti 3.0. Láti ìgbà náà, ó ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àlejò yín bá jẹ́ Windows 7, kò mọ 3.0 fúnra rẹ̀. 2.0 ni kí ẹ yàn fún un. Ẹ pa àlejò pátápátá kí ẹ tó yí èyí padà.

Ìgbésẹ̀ 5. Bí a bá fẹ́ kí àlejò máa gba ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá kì í bọ̀, àlẹ̀mọ́ USB ni a ó ṣe. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sí i. lsusb ń fi méjèèjì hàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì mẹ́rin. Ẹ má fi gbogbo àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Àlẹ̀mọ́ tí kò sọ ẹni tí òun ń retí, ẹni gbogbo ni yóò gbà wọlé. Ó lè gba kíbọọ̀dù àti máòsì USB mọ́ onílé lọ́wọ́.

Bí ẹ̀rọ bá ti kọjá gbogbo èyí, ẹ wo Gestionnaire de périphériques nínú Windows inú. Bí àmì ìkìlọ̀ bá wà lára orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ó ti wọlé, ṣùgbọ́n àlejò kò ní ètò tí yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Ẹnubodè kẹrin nìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ tú u nínú Windows inú, kí ẹ tó dá a padà fún onílé, kí ẹ tó fà á. Ẹ sì rántí pé àwòrán ìpadàbọ̀ tí a ń ya fún àlejò, èyí tí wọ́n ń pè ní instantané, kò kan ohun tí ó wà lórí ẹ̀rọ USB. Bí a bá dá àlejò padà sí ipò àná, fáìlì tí a pa rẹ́ lórí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kò ní padà wá.

6. Ohùn tí ń já: ibi tí ẹ̀rọ ti lè purọ́ mọ́ èdè

Nígbà tí a bá ń kó fáìlì gba USB, bí apá kan bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, a ó tún un fi ránṣẹ́. Ohùn tí ń bọ̀ láti máìkì USB kò rí bẹ́ẹ̀. Àkókò ni ó ń bá rìn: ohun tí kò bá dé lásìkò, ó ti lọ nìyẹn, kò sí ẹni tí yóò tún un fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àlejò kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ìgbà tí onílé bá fún un láyè ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí onílé bá ní iṣẹ́ mìíràn díẹ̀, àlejò á dúró, apá kan ohùn á sì ṣubú.

Báwo ni apá náà ṣe kéré tó? Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni, ìyẹn milisẹ́kọ́ǹdì 10. Ní 44 100 ìwọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n 441 ni ó sọnù. Etí lè má gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ohùn ọkùnrin bá wà ní Hertz 100, milisẹ́kọ́ǹdì 10 ni yíyí kan ṣoṣo ti tán-án-ná rẹ̀. Apá tí ó ṣubú náà lè jẹ́ kí ìlà ohùn inú Praat fò tàbí kí ó já, a ó sì kúrú fáwẹ́lì náà ní milisẹ́kọ́ǹdì 10. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni a wá wọ̀n. Ẹni tí kò bá mọ̀ á kọ ọ́ pé ohùn máa ń já níbẹ̀ nínú ẹ̀ka-èdè yìí. Olùkọ́ á kà á, ẹlòmíràn á tún un sọ, àṣìṣe ẹ̀rọ á sì di òfin èdè.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò le: kí a má gba ohùn ìwádìí sílẹ̀ nínú àlejò. Kí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ gbà á sórí káàdì tirẹ̀, tàbí kí onílé gbà á. Kí a kó WAV náà sórí onílé, kí a tọ́jú ẹ̀dà kan tí a kò ní fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà, kí a fi ìwé àpò kan han àlejò nípasẹ̀ Dossiers partagés, kí a sì yàn án pé kíkà nìkan ni ó lè kà á. Àlejò á wò ó, á wọ̀n ọ́n, kò sì ní lè bà á jẹ́.

Bí ó bá jẹ́ dandan kí máìkì ṣiṣẹ́ nínú àlejò, bóyá fún ìdánrawò lásán, ẹ wo ibi méjì. VirtualBox kì í jẹ́ kí ohùn wọlé àfi bí a bá fún un láyè nínú ètò ohùn àlejò náà. Windows 10 àti 11 náà ní ibi tí a ti ń fún àwọn ètò láyè láti lo máìkì. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti ilẹ̀kùn, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni a ó gbà sílẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí ó ń fi òtítọ́ hàn. Ẹ fi Praat ṣe ohùn kan tí kò lọ sókè sódò, Hertz 100, kí ó gùn ní ìṣẹ́jú àáyá 60. Ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn gbé e jáde, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ nínú àlejò. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aago ẹ̀rọ méjì kì í bára mu pátápátá, nítorí náà ìyàtọ̀ kékeré kò burú. Ṣùgbọ́n bí 60 bá di 59,8, milisẹ́kọ́ǹdì 200 ti ṣubú sójú ọ̀nà. Ẹ tún wo ìlà ohùn rẹ̀. Ohùn tí a mọ̀ pé kò yí, bí ó bá ń fò, ẹ̀rọ ni ó ń fò, kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

7. Àkópọ̀

Lẹ́tà ń yí padà lọ́nà kan náà: òfin kíbọọ̀dù inú àlejò.
Lẹ́tà kankan kò wọlé: fèrèsé àlejò kò tíì gba kíbọọ̀dù.
Àpótí hàn dípò lẹ́tà: irú lẹ́tà, kì í ṣe kíbọọ̀dù.
Àmì AltGr sọnù: bọ́tìnnì alárinà.
Ọfà kò jáde: Ctrl ọ̀tún, lẹ́yìn náà Additions invité.
lsusb kò rí ẹ̀rọ: wáyà, ihò, tàbí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.
lsusb rí i, VBoxManage kò rí i: ẹgbẹ́ vboxusers.
Ohùn ń já: ẹ gbà á sílẹ̀ níta, ẹ wò ó nínú.

Ìdánrawò

1. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ «aja mi» lórí AZERTY, àlejò rẹ̀ sì ń ka QWERTY. Kí ni yóò rí? Ẹnubodè wo ni yóò tún ṣe?
2. Ohùn kan tí a gbà ní 48 000 ìwọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan pàdánù milisẹ́kọ́ǹdì 25. Ìwọ̀n mélòó ni ó sọnù? Bí ohùn obìnrin náà bá wà ní Hertz 200, yíyí mélòó ni?
3. Ẹnìkan fi orúkọ rẹ̀ sínú vboxusers, ṣùgbọ́n VirtualBox kò tíì rí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ bi í?

Ìdáhùn: (1) qjq ;i, ẹnubodè kẹrin. (2) 1 200, yíyí 5. (3) Bóyá ó ti jáde kúrò nínú Linux kí ó tún wọlé.

Ẹni tí ó bá ṣe èyí tán lè ran akẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ní yàrá ìkàwé. Kí ẹ má sì gbàgbé: kí a tó sọ pé báyìí ni èdè kan rí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ẹ̀rọ wa lójú.